Ẹ Béèrè, Ká Dáhùn: Ṣúkù Àgbàdo, Omi Ọṣẹ àti Kúrán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìdálẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo kàn ju gbólóhùn méjì sílẹ̀ níbí, mo ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń fi kúrán, iná mànàmáná, sọ ohun tó jáde lára ewéko di kẹ́míkà tó ń pawó, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Kò tán o. Ìbéèrè ya dé bí òjò oṣù kẹfà, àwọn kan tiẹ̀ bú mi. Mo ti mú márùn-ún níbẹ̀, ẹni tí mi ò bá dá lóhùn kó má bínú, àyè ló kéré.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ ni mí lẹ́bàá Kétu. Tá a bá ti yan àgbàdo tán, ṣúkù máa ń kún ẹ̀yìnkùlé, àwọn obìnrin ń fi díẹ̀ dáná, ìyókù á jẹrà. Ọmọ mi ní ẹ kọ ọ́ pé kúrán lè sọ ọ́ di kẹ́míkà. Ṣé kí n máa kó o pamọ́ ni? – Alágbàdo, Kétu

Ẹ má tíì kó o pamọ́ o, torí nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ táwọn èèyàn ń pa pọ̀ mọ́ ara wọn. Kúrán ò lè jẹ ṣúkù. Tẹ́ ẹ bá ki wáyà iná bọ àárín òkìtì ṣúkù títí di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀, ṣúkù náà lẹ máa bá níbẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n sè é pẹ̀lú ásíìdì tí wọ́n ti là, nínú ìkòkò tí wọ́n dé pa, kí ooru ẹ̀ kọjá ti omi tó ń hó lásán. Ṣúgà kan wà tó so mọ́ ara wọn nínú ṣúkù, kì í ṣe irú èyí tá a ń fi mu tíì, ahọ́n ò lè tọ́ ọ wò nínú ṣúkù rárá, ooru àti ásíìdì yẹn á já a sí wẹ́wẹ́, á fa omi jáde lára ẹ̀, ohun tó bá kù á wá di òróró kan tí wọ́n ń pè ní furfural. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó mọ́ bí omi, òórùn ẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń yan nǹkan tó dùn. Àmọ́ ẹ ṣí ìgò ẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó bá yá á dúdú bí omi àgbo.

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Döbereiner ló kọ́kọ́ rí i ní 1821, òun tiẹ̀ kọ́ ló ń wá, ásíìdì mìíràn ló ń sè, eléyìí wá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n wá sọ ọ́ ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Furfur lédè Látìn, èérí ni. Èérí kan náà tí ìyá ológì ń sẹ́ jáde tó ń dà fún ewúrẹ́! Ní 1922, ilé-iṣẹ́ Quaker Oats ní Amẹ́ríkà, tí èèpo ọkà ti kún ọwọ́ wọn tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa dà á sí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèpo yẹn ṣe furfural fún títà. Lónìí Ṣáínà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù láyé, ṣúkù àgbàdo ni wọ́n sì fi ń ṣe é, bíi tiyín yẹn gẹ́lẹ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kúrán tó wọlé. Wọ́n á po furfural mọ́ omi, wọ́n á ti irin méjì bọ̀ ọ́, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́sítífù, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́gétífù. Tí èyí tó wà ní nẹ́gétífù bá jẹ́ bàbà, furfural á gba kúrán lára bàbà, á gba háídírójìn látinú omi, á wá di oríṣi ọtí kan, furfuryl alcohol lorúkọ ẹ̀. Ẹ má mu ún o, májèlé ni. Àwọn tó ń yọ́ irin dà sínú yanrìn láti fi rọ páàtì ẹ̀rọ ló ń lò ó, òun ni wọ́n fi ń mú kí yanrìn yẹn di ara ẹ̀ mú. Tí omi náà bá ní ásíìdì dáadáa, bàbà yìí kan náà lè ti iṣẹ́ náà síwájú sí i títí á fi di methylfuran, èyí tó ń jó nínú ẹ́ńjìnì bí ẹ́sáńsì. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣe ọtí yẹn láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé wọ́n á fi gáàsì háídírójìn tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára, pẹ̀lú ìyẹ̀fun bàbà àti krómíọ́ọ̀mù, ooru ńlá, ìkòkò irin tó nípọn. Ti kúrán kò fẹ́ gbogbo ìyẹn, ó lè ṣiṣẹ́ nínú ìgò lórí tábìlì, láìgbóná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lé e kiri nínú àwọn lábù.

Ẹ wá bi mí ta ló máa ra ṣúkù. Ẹ jẹ́ ká ṣèṣirò. Tọ́ọ̀nù furfural kan máa ń jẹ bíi tọ́ọ̀nù 10 ṣúkù, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀. Ṣúkù sì fúyẹ́, ó ń gba àyè, ọkọ̀ akẹ́rù tẹ́ ẹ bá fi kó o, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé, owó epo ọkọ̀ nìkan á ti jẹ èrè tán kó tó dé ibì kan. Ibi tí pàǹtí bá ti kó ara ẹ̀ jọ fúnra ẹ̀ nìkan ni irú iṣẹ́ yìí ti ń bọ́ sí i, bíi ti La Romana ní Dominican Republic, níbi tí wọ́n ti ń fi pàǹtí ìrèké ṣe furfural lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ ṣúgà. (Ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé-iṣẹ́ ṣúgà nílùú, ẹ gbọ́ o! Àmọ́ pàǹtí yẹn náà ni wọ́n sábà máa ń jó sábẹ́ ìkòkò tí wọ́n fi ń se ṣúgà, nítorí náà kì í ṣe ọ̀fẹ́.) Ìyàwó yín tó ń fi ṣúkù dáná kò fi ṣòfò, ẹ jẹ́ kó máa dáná ẹ̀ lọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ọṣẹ ni mo ń sè ní Àjàṣẹ́, àdín àti sóódà. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì Abomey-Calavi ní owó ló wà nínú omi dúdú tí mò ń dà nù lábẹ́ ọṣẹ, pé kúrán lè yọ ọ́ jáde. Ṣé òótọ́ ni àbí ó fẹ́ fi gba owó lọ́wọ́ mi? – Ìyá ọlọ́ṣẹ, Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú ooru ìkòkò. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ẹ má tíì fún un lówó.

Ẹ rántí ìgbà tí ọṣẹ bá ti ń ki nínú ìkòkò, tẹ́ ẹ wá bu iyọ̀ dà sí i. Ọṣẹ á gẹ̀ sókè bí ìgbà tí wàrà bá dì, omi dúdú á rẹlẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Nínú omi yẹn, iyọ̀ wà níbẹ̀, sóódà tó ṣẹ́kù wà níbẹ̀, gílísẹ́rínì náà wà níbẹ̀, òun ni àdín tú jáde nígbà tí sóódà já a. Gílísẹ́rínì yìí kan náà ni wọ́n ń kó sínú ìpara àti oògùn ikọ́. Àwọn tí kì í da iyọ̀ sí ọṣẹ tiwọn, inú ọṣẹ ló máa ń wà, ó wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ yẹn gbẹ ara.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín tó máa yà yín lẹ́nu. Sóódà tẹ́ ẹ̀ ń rà lọ́jà yẹn, ọmọ kúrán ni. Omi iyọ̀ ni wọ́n ń gba kúrán kọjá nínú ẹ̀ ní ilé-iṣẹ́, gáàsì kọ̀lọ́ríìnì á jáde níhà kan, sóódà á dúró níhà kejì. Nítorí náà ìyá mi, ẹ ti wà nínú iṣẹ́ yìí tipẹ́, ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Ti gílísẹ́rínì wá nìyí. Ibi mẹ́ta ló ní téèyàn lè dì mú lára ẹ̀, irin tẹ́ ẹ bá sì gbé síwájú ẹ̀ níhà pọ́sítífù ló máa pinnu ibi tí wọ́n máa dì mú. Tó bá jẹ́ plátínọ́ọ̀mù, irin olówó ńlá kan, tí wọ́n fi irin mìíràn tí wọ́n ń pè ní bísímọ́ọ̀tì díẹ̀ kún, ibi àárín ló máa ń dì mú, ohun tó máa jáde ni dihydroxyacetone, òun làwọn òyìnbó ń fi pa ara kí àwọ̀ wọn lè pọ́n bíi ti ẹni tí oòrùn pa, wọ́n sì ń ra ìyẹn wọ́n, nígbà táwọn tiwa ń ra èyí tó ń bó ara lọ́jà Ouando, ayé ti dojú rú. Tó bá jẹ́ níkẹ̀lì ni irin yẹn, tí sóódà sì wà nínú omi náà, kò ní mú ibì kan lásán, á já gbogbo ẹ̀ sí mẹ́ta, á sọ ọ́ di iyọ̀ ásíìdì èèrà. Bẹ́ẹ̀ ni, ásíìdì tó wà nínú oró èèrà, òun gan-an ni Döbereiner ń sè lọ́jọ́ tó rí furfural. Àwọn olóko rọ́bà máa ń kán ásíìdì yìí sí wàrà igi rọ́bà kó lè dì.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa lé gílísẹ́rínì báyìí ni pé àwọn tó ń fi òróró ṣe dísù fún mọ́tò, bí wọ́n bá lo òróró kílò 100, bíi kílò 10 gílísẹ́rínì ló ń bá a jáde, ó wá pọ̀ rẹpẹtẹ lọ́jà ayé, owó ẹ̀ sì wálẹ̀. Ẹni tó ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù èyí tó mọ́ ló ń bá yín du ọjà yẹn, nígbà tó jẹ́ pé tiyín ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ yẹn ló sì máa kọ́kọ́ ba irin jẹ́. Ohun tí mo lè gbà yín nímọ̀ràn kò ju pé kẹ́ ẹ gbìyànjú ìkòkò kékeré kan láìda iyọ̀ sí i, kẹ́ ẹ wo bóyá àwọn oníbàárà á fẹ́ràn ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì má máa da omi dúdú yẹn sídìí ewébẹ̀, iyọ̀ àti sóódà ibẹ̀ ò dáa fún ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ lísẹ́ ni mí ní Àjàṣẹ́. Tíṣà wa ní kátálísítì kì í tán nínú iṣẹ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò kàn lo plátínọ́ọ̀mù tó dára jù, kí wọ́n rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó parí?

Àbúrò, ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Tíṣà yín ò parọ́, kátálísítì (irú irin bíi bàbà àti níkẹ̀lì tá a sọ lókè) kì í bá ohun tó ń ṣe lọ, ó kàn ń mú iṣẹ́ yá ni. Àmọ́ “tó dára jù” tó o sọ yẹn ni ká yẹ̀ wò.

Jẹ́ ká pa dà sí furfural àti bàbà. Níhà nẹ́gétífù, ẹni méjì ló ń du kúrán, furfural àti omi fúnra ẹ̀. Tí furfural bá gbà á, a rí ohun tá à ń wá. Tí omi bá gbà á, háídírójìn ni, ó máa ń jáde bí ìfófó wẹ́wẹ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí irú ẹ̀rọ yìí lójú ara mi, ìgò gíláàsì méjì tí wọ́n so pọ̀, rọ́bà fẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ọ̀rá láàárín wọn, irin náà wá ń hó ṣàà, inú mi dùn, mo ní ẹ̀n-ẹ́n, ó ti ń ṣiṣẹ́! Ọmọ tó ń ṣe é wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, olè lẹ̀ ń wò yẹn o.” Ìfófó yẹn, kúrán tó ti ṣòfò ni. Tí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa, irin yẹn máa ń dákẹ́ ni, o ò ní rí nǹkan kan.

Plátínọ́ọ̀mù wá nìyí, kò sí irin tó mọ ìfófó ṣe tó o. Bí háídírójìn bá ṣe ń kàn án lára, kíá ló ti pa wọ́n pọ̀ ní méjì méjì, ó sì ti tì wọ́n jáde. Tó bá jẹ́ háídírójìn lò ń wá, lọ rà á. Tó bá jẹ́ furfural lo fẹ́ yí padà, owó ńlá lo fi ra olè sílé. Bàbà lọ́ra nínú iṣẹ́ ìfófó, òjé lọ́ra jù ú lọ, ìlọ́ra wọn yẹn gan-an ló ń fún furfural láyè láti jókòó kó gba tiẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀lẹ ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ ṣe.

Ìyẹn nìkan kọ́. Irin tó bá tún di àlejò mú jù, wàhálà ni. Fi plátínọ́ọ̀mù sínú gílísẹ́rínì tàbí ọtí, á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àmọ́ láìpẹ́ nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù monọ́síáìdì á jáde látinú iṣẹ́ yẹn, á jókòó sójú plátínọ́ọ̀mù, kò ní dìde mọ́. Ṣó o ti rí ilé ìyàwó tí àlejò àkọ́kọ́ jókòó sórí gbogbo àga, tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wá dúró síta? Bẹ́ẹ̀ ló rí. Wúrà kì í di í mú bẹ́ẹ̀, àmọ́ wúrà nílò kí sóódà wà nínú omi kó tó jí. Níkẹ̀lì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí kì í fi ara ẹ̀ ṣiṣẹ́, awọ ló máa ń hù. Nínú omi sóódà, awọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan á bo ó, aláwọ̀ ewé, tí kúrán bá dé á dúdú, dúdú yẹn ló máa já háídírójìn gbà lára ṣúgà tàbí gílísẹ́rínì, tó bá ti gbà á tán á pa dà di aláwọ̀ ewé, kúrán á tún sọ ọ́ di dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni á máa lọ tá á máa bọ̀. Òun náà ni wọ́n fi ń sọ HMF, kẹ́míkà kan tó ń jáde láti ara ṣúgà, di kẹ́míkà mìíràn, FDCA, èyí tí wọ́n lè fi ṣe oríṣi rọ́bà ìgò omi tí kò ti inú epo rọ̀bì wá. Níkẹ̀lì yìí kan náà làwọn onímọ̀ ní Mainz, ní Jámánì, fi ń fọ́ ohun tó ń mú igi le, kí wọ́n lè yọ fanílà jáde látinú ẹ̀, fanílà tí oníkéèkì mọ̀ yẹn.

Ní ti kó máa tán, nínú ìwé ni kì í tán. Lójú ayé, ọ̀dà dúdú tó ń jáde lára furfural máa ń lẹ̀ mọ́ irin, á bo ojú ẹ̀, wọ́n á ní láti fọ̀ ọ́.

Jẹ́ n fún ẹ ní ìṣirò kan kó o fi dán àwọn ọ̀rẹ́ ẹ wò. Tí ampere 1 bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 1, coulomb 3,600 nìyẹn (coulomb ni wọ́n fi ń ka iye kúrán tó kọjá). Kó o tó sọ mole kan furfural (mole ni wọ́n fi ń ka wóró kẹ́míkà, bíi dọ́sìn fún ẹyin) di ọtí ẹ̀, o nílò mole méjì ẹlẹ́kítíróònù, ìyẹn wóró kúrán, mole kan ẹlẹ́kítíróònù sì gba coulomb 96,485. Mole ọtí yẹn wọn gíráàmù 98. Tó o bá pín in, wàá rí i pé ọtí tí ampere 1 lè ṣe ní wákàtí 1 kò lè ju gíráàmù 1.83 lọ, ká tiẹ̀ ní kò sí ìfófó kankan. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí ò fi bá ìkánjú lọ. Àmọ́ tí fólítì ẹ̀ bá jẹ́ 2, kílò kan ọtí yẹn kò ju bíi kilowatt-wákàtí 1.1 lọ, ìyẹn bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù watt 1,000 lọ aṣọ fún wákàtí kan àti díẹ̀. Tí ìdajì kúrán bá bá ìfófó lọ, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Bọ̀ọ̀dá, mo gbìyànjú ẹ̀! Mo fún omi èso kajú, mo da iyọ̀ sí i, mo ti ìṣó méjì bọ̀ ọ́, mo so ó mọ́ bátìrì ọ̀kadà nínú yàrá mi. Ó hó, omi náà pọ́n, òórùn kan ta mí nímú, ojú mi ta mí títí di ọjọ́ kejì. Kí ni mo ṣe jáde? – Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ìpẹtà lo ṣe jáde. Má ṣe é mọ́, jọ̀ọ́!

Òórùn yẹn, kọ̀lọ́ríìnì ni, inú iyọ̀ ló ti wá, iyọ̀ ò ṣe é fi sí irú iṣẹ́ yìí nínú yàrá. Ìpọ́n yẹn, ìṣó níhà pọ́sítífù ló ń yọ́ sínú omi, o ò ní kátálísítì, oúnjẹ lo gbé síbẹ̀. Èyí tó ń hó, háídírójìn ni, tó bá ti dé ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ yàrá, iná ìṣáná kan ti tó. Má sì gbà kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́ pé kó o fi ṣíbí tí kì í dípẹtà dípò ìṣó, krómíọ́ọ̀mù tó lè jáde lára ẹ̀ burú jù ìpẹtà lọ. Tó o bá ṣáà fẹ́ fojú rí i, ìta gbangba, pílì fólítì 9 kékeré, lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù méjì, ife omi pẹ̀lú ṣíbí kékeré bíkábónéètì tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Wàá rí ìfófó níhà méjèèjì, níhà nẹ́gétífù ló máa pọ̀ jù, wàá sì mọ̀ pé olè lò ń wò.

Omi èso kajú yẹn, tí gbogbo oko ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń jẹ́ kó jẹrà nílẹ̀ lásìkò ẹ̀, mímu ló dára sí jù.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí dùn ní gbígbọ́, àmọ́ kúrán tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí náà ni? Ṣé kì í ṣe àsọdùn òyìnbó? – Oníṣòwò, Àjàṣẹ́

Àsọdùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ará Jámánì kan, Kolbe, ti gba kúrán kọjá nínú ásíìdì fínígà ní nǹkan bí 1849. Ní 1937, Atlas Powder ní Amẹ́ríkà ń fi kúrán sọ glúkóòsì di sọ́bítọ́ọ̀lù, èyí tó ń mú ọṣẹ ìfọyín dùn tí kì í jẹ́ kó gbẹ, ilé-iṣẹ́ gidi ni o, kì í ṣe ìgò orí tábìlì. Nígbà tó yá, gáàsì háídírójìn àti níkẹ̀lì dé, owó tó ń ná wọn kéré sí ti kúrán, wọ́n sì gbé kúrán tì. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn: gáàsì yẹn, inú epo ilẹ̀ àti gáàsì ilẹ̀ ló ń ti wá jù, iye tí ìyẹn bá ń ná wọn àti iye tí kúrán bá ń ná wọn ló máa pinnu. Kúrán oòrùn sì ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, láti 2022 ni ti Illoulofin, lọ́nà Pobè níbí, ti ń ṣiṣẹ́, megawatt 25 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2022 yẹn náà, àwọn kan ní Ṣáínà fi hàn pé tí wọ́n bá fi bàbà sí pọ́sítífù nínú omi sóódà pẹ̀lú furfural, háídírójìn lè jáde níhà méjèèjì, fólítì tó sì nílò kéré gan-an. Olè ti wá ń ṣiṣẹ́ fún onílé níyẹn.

Ní ti lílọ bíbọ̀, ìyẹn ni mo bẹ̀rù jù. Ọmọ tó ní “olè lẹ̀ ń wò” lẹ́ẹ̀kan, bàbà tín-ín-rín ló fi kúrán lẹ̀ mọ́ ara kábọ́ọ̀nù, inú omi ásíìdì ló wà. Bí kúrán bá ń wọlé, kúrán ló ń dáàbò bo bàbà yẹn. Ó gbé e sórí iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó lọ sùn, iná lọ lóru, kò sì dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Àárọ̀ ló pè mí kí n wá wò ó. Kábọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, dúdú kirikiri, kò sí bàbà lára ẹ̀ mọ́, omi inú ìgò ti ní àwọ̀ búlúù díẹ̀, ó mọ́, ó tiẹ̀ rẹwà. Ó ní kí n jọ̀ọ́ má sọ fún ọ̀gá òun.